Ọmọ Ejò Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé: Kí Ni Ohun Rọ̀bọ̀tọ̀ Tó So Mọ́ Ìdodo Rẹ̀?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fídíò kan wọ gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa. Àwọn ọmọ ejò bí mẹ́jọ ló wà nínú ike kan, tín-ín-rín, wọ́n ń rá díẹ̀díẹ̀. Ohun rọ̀bọ̀tọ̀ kan so mọ́ abẹ́ ikùn ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn, ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí ẹyin adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ sínú abọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ sì là á já. Kò tó wákàtí kan tí àlàyé fi pé mẹ́rin. Ẹnìkan ní ìfun wọn ló tú síta. Ẹlòmíràn ní ẹyin tí wọ́n gbé mì ló há. Bùrọ̀dá kan ní ká fún wọn ní mílíìkì inú agolo kí wọ́n lè lágbára. Díákónì inú ẹbí wa ní kẹrosíìnì ló tọ́ sí wọn, ká má fi àkókò ṣòfò.

Èmi mọ ohun tí mò ń wò, kì í sì í ṣe pé mo gbọ́n ju wọn lọ. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń lọ ṣèrànwọ́ lópin ọ̀sẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba ẹranko tí àwọn tó ni wọ́n ti pa tì. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé ejò bóà kan dé ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó lóyún, àfi bó ṣe bímọ lóru ọjọ́ kọkànlá. Àbúrò mi gbé fóònù ka gbogbo rẹ̀, èmi náà kò sì lè sùn. Ohun tí mo rí lóru ọjọ́ náà, àti ohun tí mo ti kà lẹ́yìn rẹ̀, ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé.

Ṣé ejò ń bímọ ni? Ẹyin kọ́ ló ń yé?

Méjèèjì ni. Òjòlá ilẹ̀ wa ń yé ẹyin, mónámóná ń yé ẹyin, sèbé náà ń yé ẹyin. Ṣùgbọ́n àwọn ejò kan wà tí ẹyin wọn kì í ní èèpo, tí kì í sì í jáde síta. Inú ìyá ni ọmọ yóò wà títí yóò fi pé, ìyá á wá bí i láàyè. Bóà wà lára wọn. Láti Mẹ́síkò títí dé Argentina ni ilé rẹ̀ gan-an, àmọ́ àwọn òyìnbó ń sìn ín nílé ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí a ṣe ń sin ajá. Kò ní oró. Wíwé ló ń wé mọ́ ohun tó bá fẹ́ jẹ, bíi ti òjòlá, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń túmọ̀ bóà sí òjòlá. Bí ẹ bá dé ọ̀rọ̀ ìbímọ, ọ̀nà wọn jìn síra.

Ìyá bóà kan lè bí mẹ́wàá, ó lè bí 60. Bíi 25 ló wọ́pọ̀. Ọmọ tó bá pé oṣù máa ń gùn tó 40 sí 50 sẹ̀ńtímítà.

Ẹ má rò pé ó dà bí inú ewúrẹ́ o. Nínú ewúrẹ́, ara ìyá ni ọmọ ti ń jẹun lójoojúmọ́ títí wọ́n á fi bí i. Ti ejò yìí dà bí ìyá tó di gaàrí, ṣúgà àti kúlíkúlí fún ọmọ tó ń lọ sí ilé ìwé onígbèélé: púpọ̀ nínú oúnjẹ ọmọ ni ìyá ti dì fún un kí ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹrù oúnjẹ yìí ni pupa ẹyin, irú èyí tí ẹ máa ń rí láàárín ẹyin adìyẹ. Inú àpò kan ló wà, àpò náà sì so mọ́ ọmọ ní ìdodo. Ọmọ ń fà á díẹ̀díẹ̀ títí àpò á fi wọ inú ikùn rẹ̀ tán, ìdodo á sì padé.

Bí wọ́n bá ń bọ́ sílẹ̀, inú awọ fẹ́lẹ́ kan tó mọ́ gaara ni ẹnìkọ̀ọ̀kan máa ń wà, á fi imú gún un, á yọrí. Bí ejò bá ń jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá ni, gbogbo ọmọ bóà ni ì bá máa jẹ́ Òkè.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé oṣù wọn kò pé?

Ní ti ọmọ èèyàn, oṣù la ń kà. A mọ olóṣù méje. Ní ti bóà, àwọn tó ń sìn ín máa ń ka ọjọ́ láti ìgbà tí ìyá bá bọ́ awọ lẹ́yìn tí ẹyin ti já bọ́ nínú ara rẹ̀ láti gba àtọ̀, wọ́n á ka bí 105, ó lè lé, ó lè dín, bí ibi tó wà bá ṣe móoru sí. Ejò tí wọ́n gbé wá láti ibòmíràn kò ní àkọsílẹ̀ kankan. Nítorí náà, ara ọmọ la ó wò.

Èyí tó pé oṣù yóò ní àwọ̀ tó dán, ìdodo rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padé, á máa yọ ahọ́n, ó tilẹ̀ lè fẹ́ ṣán ẹni. Èyí tí kò pé máa ń rù, àwọ̀ rẹ̀ á ṣì, awọ ara á hunjọ bí ẹ̀wù tó ju ara lọ. Ó lè dùbúlẹ̀ sínú àpò tó fi jáde kó má ja àpò náà rárá. Pupa ẹyin á sì wà níta ní ìdodo rẹ̀. Ohun tí ẹ rí nínú fídíò nìyẹn. Ìfun kọ́. Oúnjẹ tí kò tíì jẹ tán ni.

Ẹ ó tún rí àwọn kókó ìyeyè kan láàárín wọn, tí kò ní ojú, tí kò ní ìrù. Ẹyin tí kò gba àtọ̀ ni. Kíkó dànù ni kí wọ́n tó rà.

Ejò tó ti dá gbé láti ọdún pípẹ́, ta ló fún un lóyún?

Gbogbo gúrúùpù ló béèrè ìyẹn, ó sì bọ́gbọ́n mu. Abo ejò lè tọ́jú àtọ̀ akọ sínú ara rẹ̀ fún oṣù púpọ̀, kó tó wá lò ó. Ẹni tó gbé e wá lè má purọ́ rárá bó bá ní òun kò sin akọ. Ohun mìíràn tún wà tó ṣọ̀wọ́n: ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà fi àyẹ̀wò DNA hàn pé bóà kan bí ọmọ 22, gbogbo wọn abo, tí kò sí baba kankan nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Kí ló dé tí ìyá fi bí wọn ṣáájú ọjọ́?

Ejò kò ní ooru tirẹ̀. Aboyún bóà máa ń wá ibi tó gbóná sùn sí, nítorí ooru ibẹ̀ ló ń mú ọmọ dàgbà. Ẹ ro mọ́ínmọ́ín tó wà lórí iná: bí gáàsì bá tán láàárín, tí ẹ tún gbé e padà, tí ó tún tán, etí rẹ̀ lè jinná kí àárín ṣì máa rọ̀ jọ̀ọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀ nínú yàrá òtútù ṣe máa ń rí.

Ẹ wá ronú irú ìyá tí wọ́n ń gbé wá sí ilé ìtọ́jú. Èyí tí wọ́n gbé dé Leeds wá nínú àpò ìrọ̀rí, nínú oṣù òtútù. Ó rù, ó gbẹ, kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ejò kún abẹ́ ìpẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e látinú ọkọ̀ kan bọ́ sínú òmíràn, àwọn èèyàn mẹ́ta sì dì í mú kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdààmú bẹ́ẹ̀, àìsàn, òùngbẹ, ebi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó láti mú oyún jáde láìtọ́jọ́. Ó máa ń bí mi nínú bí mo bá rí ẹni tó lọ ra ejò bí ẹni ra bàtà, tí ó wá ń yà á lẹ́nu pé ó nílò iná lójoojúmọ́.

Ohun rọ̀bọ̀tọ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé ká gé e ni?

Ẹ má gé e. Ẹ má fà á. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an nìyí, mo sì fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Ọmọ 19 ni ìyá yẹn bí. Márùn-ún ti kú kí wọ́n tó jáde. Nínú 14 tó kù, ọ̀kan wà nínú àpò rẹ̀ tí kò lè ja á. Àbúrò mi fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ra ìka, ó yọ awọ náà kúrò lójú àti imú nìkan, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ọmọ náà la ẹnu, ó mí. Ìyẹn tọ́, nítorí ọmọ tí kò bá yọrí lè kú sínú omi àpò rẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni àṣìṣe wà. Tísù gbígbẹ ni wọ́n tẹ́ sínú ike àkọ́kọ́, nítorí kò sí ẹni tó múra sílẹ̀ fún ìbímọ. Pupa ẹyin ọmọ kan ti lẹ̀ mọ́ tísù náà bí ògì ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Àbúrò mi gbé ọmọ sókè, tísù kò tẹ̀ lé e, àpò fà ya. Omi pupa tú sí i lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ náà ti kú. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀ ọmọ ejò, ohun àkọ́kọ́ tí yóò béèrè ni bóyá tísù tútù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ọwọ́ ẹni ni ká kọ́kọ́ kó níjàánu. Ọmọ tó bá wà nínú ooru àti ọ̀rinrin máa ń fa pupa ẹyin yẹn wọlé fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀rinrin yẹn ni kì í jẹ́ kí àpò gbẹ kó sì là.

Bó bá wá gbẹ síta láìwọlé, tàbí tó ń rùn, tàbí tó di dúdú tàbí àwọ̀ ewé, dókítà ẹranko ló kàn. Dókítà lè fi òwú tí wọ́n ti pa kòkòrò ara rẹ̀ so ó pa nítòsí ìdodo, kó tó gé e lókè ibi tó so. Ẹ má fi òwú ìránṣọ dán an wò nílé. Wọ́n sì lè ní kí ẹ máa fi oògùn ayodíìnì nu ìdodo náà, èyí tí wọ́n ti fi omi là títí tó fi ṣì bíi tíì tí wọ́n fi páálí Lipton kan po fún èèyàn mẹ́rin.

Okùn ìdodo tún wé mọ́ ọ̀kan lọ́rùn nínú wọn. Fífi omi rọ̀ ọ́ ni wọ́n fi tú u, kì í ṣe fífà. Àbúrò mi kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo, ó kàn sọ ọ́ ní Àìná. Òun ló kéré jù, gíráàmù 29.

Irú ibùgbé wo ló yẹ wọ́n?

Ẹ rántí ìnkubétọ̀ tí wọ́n ń gbé olóṣù méje sí nílé ìwòsàn. Ohun tí ẹ ń ṣe nìyẹn, àyàfi pé ti ejò rọrùn jù ú lọ. Ike kékeré onídèérí tí wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí lára, ọmọ kan sí ike kan, kí wọ́n má baà tẹ pupa ẹyin ara wọn bẹ́. Tísù funfun tí kò ní lọ́fínńdà ni kí ẹ tẹ́ síbẹ̀, kó tutù, kí omi má dúró lórí rẹ̀. Ẹ má lo ìyẹ̀pẹ̀, ẹ má lo lẹ́búlẹ́bú pákó, wọn á lẹ̀ mọ́ ìdodo. Bí tísù bá ti dọ̀tí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, bí kò tilẹ̀ dọ̀tí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lójúmọ́.

Ooru: 28 sí 30 lórí tẹmómítà Celsius. Ẹ̀rọ tó ń pa iná fúnra rẹ̀ bí ooru bá ti tó ni kó máa ṣọ́ ọ, kì í ṣe ojú yín. Ẹ má gbé ike sínú oòrùn. Ike onídèérí nínú oòrùn, ìkòkò lórí iná ni. Ẹ da aṣọ bò wọ́n kó ṣókùnkùn, kí ariwo dín kù, kí àwọn ọmọ ilé má máa ṣí i wò. Mo mọ̀ pé ìyẹn le. Ṣíṣí yẹn máa ń gbé ooru àti ọ̀rinrin lọ, ó sì ń dẹ́rù bà wọ́n.

Omi mímu díẹ̀ nínú ọmọrí ìgò, tí kò jìn, tó. Ọmọ tó bá ṣì ń hunjọ lára lẹ́yìn ọjọ́ kejì, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ẹ pe dókítà.

Ìgbà wo ni wọ́n máa jẹun?

Kì í ṣe lónìí. Kì í ṣe lọ́la. Bùrọ̀dá tó ní ká fún wọn ní mílíìkì, mo ti dá wọn lóhùn: ejò kò ní ọmú, ọmọ rẹ̀ kò sì ní ohun tí yóò fi da wàrà inú ara. Ìgbẹ́ gbuuru ni yóò fi ṣe é.

Gaàrí ilé ìwé yẹn ṣì wà nínú ikùn. Ọmọ tó pé oṣù ń fi pupa ẹyin tó gbé wọlé gbé ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, títí yóò fi bọ́ awọ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ebi á tó gún un. Èyí tí oṣù rẹ̀ kò pé lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má sì fi tipátipá sí i lẹ́nu nítorí pé ó ń ṣe yín ní àánú. Fífi tipá bọ́ ọ ni ọ̀nà ìkẹyìn, ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ló sì wà.

Oúnjẹ àkọ́kọ́ ni ọmọ èkúté, tí kò tíì hu irun tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu ún. Wọ́n ń tà á ní dídì nínú fìrísà níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan ẹranko. Ẹ jẹ́ kó dẹ̀ pátápátá, ẹ fi sínú omi gbígbóná díẹ̀ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi ẹ̀mú gbé e sí i nímú. Bó bá jẹ ẹ́, ẹ má gbé e fún ọjọ́ méjì, nítorí ó lè pọ̀ ọ́ jáde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, òmíràn.

Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun nídìí kéèkì ló dára jù lọ láti fi mọ̀ bóyá àwọn ọmọ ń sanra tàbí wọ́n ń rù. Ẹ wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú máa ń tan ni jẹ, gíráàmù kì í tan ni jẹ.

Ìyá wọn ńkọ́?

Kò ní tọ́jú wọn, kò sì burú. Iṣẹ́ rẹ̀ ti parí lọ́jọ́ tó bí wọn. Ẹ kó ọmọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kó má baà rá gorí wọn, ẹ fún un ní omi, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ọ̀pọ̀ ti dáwọ́ oúnjẹ dúró láti oṣù mélòó kan. Oúnjẹ tó kéré ju èyí tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tó fi yẹ kó dá wà. Àìsàn kan wà tí kòkòrò àìfojúrí ń fà lára bóà, tí kò ní ìwòsàn, tí ìyá sì lè kó ran ọmọ kí ó tó bí i. Nítorí náà, ìyá tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀, òun àti ọmọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bá ejò mìíràn lo nǹkan pọ̀, títí dókítà yóò fi yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ sì fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ. Ejò tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá náà lè ní salmonella lára, irú èyí tó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, aláboyún, àti ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa ló ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ bóà yìí lọ gbé ejò ilẹ̀ wa o. Lára àwọn tó ń bímọ láàyè nínú igbó wa ni àwọn bọ̀rọ̀gìdì tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní puff adder àti Gaboon viper. Paramọ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n níbìkan, ọká ni wọ́n ń pè wọ́n níbòmíràn. Puff adder máa ń bí 20 sí 40 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀kan tó wá láti Kẹ́ńyà bí 156 nínú ọgbà ẹranko kan ní orílẹ̀-èdè Czech. Oró sì ti wà lẹ́nu ọmọ wọn láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ẹ fà sẹ́yìn, ẹ mú ọmọdé àti ajá wọlé, ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ ejò.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n sọ fún wa pé ọmọ paramọ́lẹ̀ ló ń já ikùn ìyá rẹ̀ jáde, pé ìdí nìyẹn tí ìyá fi ń kú. Kò rí bẹ́ẹ̀, ibi tí gbogbo ejò ń gbà bímọ ló ń gbà bí wọn. Mo rò pé àdá ló bí ìtàn yẹn: wọ́n ṣá aboyún ejò láàárín, ọmọ ààyè ń rá jáde níbi ọgbẹ́, ẹni tó rí i sá wálé lọ ròyìn.

Ní Benin àti Togo, níbi tí wọ́n ti ń kó aboyún mónámóná láti inú igbó kí wọ́n lè pa ẹyin rẹ̀ kí wọ́n sì ta ọmọ sí òkè òkun, irú ọ̀ràn yìí kan náà lè wáyé. Bí ọjọ́ 60 ni ẹyin mónámóná fi ń pa. Bí ẹnìkan bá kánjú gé èèpo ẹyin ṣáájú ọjọ́, tó sì fa ọmọ jáde, pupa ẹyin á ṣì wà níta. Ìtọ́jú kan náà ni.

Nínú àwọn 14 ti Leeds, mẹ́sàn-án ló yè. Pupa ẹyin Àìná wọlé ní ọjọ́ kẹfà. Ó bọ́ awọ lọ́jọ́ kọkàndínlógún, awọ náà jáde ní odidi, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ jòjòló. Ó kọ oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Gíráàmù rẹ̀ ti wálẹ̀ sí 26, dókítà sì ti dá ọjọ́ tí wọn á fi tipá bọ́ ọ. Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, ohùn àbúrò mi wọlé sórí WhatsApp, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó wà nínú yàrá tí ọmọ ti ń sùn: "Ẹ̀gbọ́n mi, Àìná ti jẹun o."